Áhábù, Ọba Tí Ọlọ́run Fún Láyè

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìtàn Áhábù ló kàn. Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ nípa ìwà burúkú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí Ọlọ́run ti ṣàánú rẹ̀, a kì í sábà sọ ọ́ fún ọmọdé.

Áhábù ọmọ Ómírì jọba lórí Ísírẹ́lì ní Samáríà fún ọdún 22. Kì í ṣe ọba kékeré o. Òkúta kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọba Ásíríà kọ ìtàn ogun rẹ̀ sí. Nínú ogun ọdún 853 ṣáájú ìbí Kristi, ó ka kẹ̀kẹ́ ogun 2,000 àti ọmọ ogun 10,000 mọ́ Áhábù. Jésébẹ́lì, ọmọ ọba àwọn ará Sídónì, ni aya rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Nábótì ní ọgbà àjàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Jésírẹ́ẹ́lì, ọba sì fẹ́ fi ṣe ọgbà ẹ̀fọ́. Ó ní òun á san owó rẹ̀, tàbí kí òun fún un ní èyí tó dára jù ú lọ. Nábótì kọ̀, torí ogún bàbá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí ilẹ̀ ìdílé jẹ́ láàárín wa á mọ̀ pé kò ṣe àfojúdi. Ni odindi ọba bá lọ dùbúlẹ̀, kò jẹun, bí ọmọ tí wọn ò ra bọ́ọ̀lù fún! Jésébẹ́lì wá fi orúkọ ọba kọ ìwé, ó fi èdìdì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì, wọ́n sọ Nábótì lókùúta pa. Wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Inú ọgbà yẹn ni Èlíjà ti bá ọba, ó ní ìdílé rẹ̀ máa pa run. Áhábù ò ní kí wọ́n mú wòlíì. Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀, ó wá ń rìn jẹ́jẹ́. Ọlọ́run rí i, ó sì sọ fún Èlíjà pé ibi náà ò ní dé nígbà ayé Áhábù mọ́, ó di ìgbà ayé ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń jà wá lọ́kàn nígbàkigbà tí a bá kọ́ ọ dé ibí. Ṣé ọmọ ló yẹ kó san gbèsè bàbá ni? Lójú tiwa, àwọn ọmọ náà rí àyè nínú àánú yẹn. Áhásáyà jọba fún ọdún 2, Jórámù àbúrò rẹ̀ fún 12. Jórámù tiẹ̀ mú òpó Báálì tí bàbá rẹ̀ ṣe kúrò, àmọ́ ibẹ̀ náà ló dúró sí.

Áhábù fúnra rẹ̀ ò rìn jẹ́jẹ́ pẹ́. Ó ti wòlíì Míkáyà mọ́lé torí ó sọ òótọ́ fún un, ó pa ara dà lọ sógun Rámótì-Gílíádì, ọfà sì bá a níbi tí ìhámọ́ra rẹ̀ ti pàdé. Ó dúró nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó kú.

Lẹ́yìn ọdún wọ̀nyí ni Jéhù gun kẹ̀kẹ́ wá sí Jésírẹ́ẹ́lì. Jórámù jáde lọ pàdé rẹ̀. Orí ilẹ̀ Nábótì ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ náà ni Jéhù sì ní kí wọ́n ju òkú rẹ̀ sí.