Lẹ́tà Láti Àgọ́ Ogun: Ìtàn Ulysses Grant àti Julia

Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú kọ ìtàn èèyàn kan tó ti kú tipẹ́. Èmi mú Ulysses Grant, torí pé níbí ní New York ni ibojì rẹ̀ wà, lẹ́bàá odò Hudson, bàbá mi sì ti mú mi lọ síbẹ̀. Ọ̀gágun àti ààrẹ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ ìyàwó rẹ̀ láti ojú ogun ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ń ṣe iṣẹ́ ológun ní ọ̀nà jíjìn. Tí kò bá dá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lóhùn lórí fóònù fún ọjọ́ méjì péré, ìjà dé nìyẹn!

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n bí Grant ní ìpínlẹ̀ Ohio. Láti kékeré ló ti mọ ẹṣin gùn dáadáa. Ó jáde nílé ẹ̀kọ́ ológun West Point ní 1843, wọ́n sì gbé e lọ sí bárékè kan nítòsí St. Louis. Ilé àwọn Fred Dent, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gbé yàrá ní West Point, kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí Julia, àbúrò Fred, ní 1844. Wọ́n ní nígbà tí ẹyẹ tí Julia ń sìn kú, Grant kan pósí kékeré fún un, ó sì kó àwọn ọ̀gá ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ wá síbi ìsìnkú ẹyẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́dún yẹn náà, àṣẹ dé pé kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn lọ sí Louisiana. Kí Grant tó tẹ̀ lé wọn, ó gun ẹṣin lọ sọ́dọ̀ Julia. Odò Gravois ti kún, àmọ́ tòun tẹṣin ló kó sómi, wọ́n sì là á já. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ẹ̀gbọ́n Julia ló yá a ní aṣọ gbígbẹ. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Julia sì gbà fún un. Wọn ò kọ́kọ́ jẹ́ kí bàbá Julia gbọ́, torí pé bàbá ò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ sójà tí owó oṣù rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi dúró de ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fojú kanra láàárín rẹ̀, ní 1845, nígbà tí Grant wá tọrọ Julia lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kò mú alárinà wá, kò kó ẹbí lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Texas, ogun Amẹ́ríkà àti Mexico sì bẹ̀rẹ̀ ní 1846.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, lẹ́yìn ìjà Palo Alto àti Resaca de la Palma, ó kọ lẹ́tà sí Julia. Orí ìlù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ló gbé bébà lé. Ní Monterrey, nínú oṣù kẹsàn-án, ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin rẹ̀ kí ọta má bàa bà á, ó sì sáré la ìgboro já láti lọ béèrè ọta ìbọn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un gan-an ni ètò oúnjẹ àti ẹrù.

Lẹ́tà máa ń pẹ́ lọ́nà. Julia ò sì kì í tètè kọ̀wé, Grant ń ráhùn ṣáá. Nínú lẹ́tà kan, ó fi àwọn ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, ó ní kí Julia ka ohun tó wà lọ́kàn òun níbẹ̀. Ìyẹn rán mi létí àrokò tí olùkọ́ kọ́ wa: àwọn baba ńlá wa a máa fi owó ẹyọ ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, ẹni tó gbà á á sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1848 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ibí ló ti dùn mí: bàbá Julia ní ẹrú, bàbá Grant sì kórìíra òwò ẹrú, torí náà àwọn òbí Grant ò wá. Grant fúnra rẹ̀ ní ẹrú kan nígbà kan, William Jones, ó sì dá a sílẹ̀ ní 1859, nígbà tí òun alára ò lówó lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun tó borí nínú ogun tó fòpin sí ẹrú níní ní Amẹ́ríkà. Mo bi màmá mi bóyá kí n yọ ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn kúrò. Màmá ní rárá o, kí n sọ ọ́ tibi tire.

Grant ṣe ààrẹ láti 1869 sí 1877. Ní 1884, gbogbo owó rẹ̀ ṣègbé, àrùn jẹjẹrẹ sì mú un lọ́fun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀ nínú ìrora, kí Julia má bàa jìyà lẹ́yìn òun. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó parí rẹ̀ tó fi kú, ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1885. Owó tí ìwé náà mú wá fún Julia tó nǹkan bí 450,000 dọ́là. Grant ò sì fẹ́ kí wọ́n sin òun sí West Point, torí wọn ò ní gba Julia síbẹ̀. Pósí olókùúta méjì ni mo rí nínú ibojì náà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi lẹ́tà kan hàn wá, bírò ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ ọ́. Kò jẹ́ kí a kà á o.