Wilhelm Feldberg àti Oró Oyin

Bí oyin bá ti ta yín rí, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ta. Oyin ń ta, ata náà ń ta. Ẹ tún wo oró: ejò àti oyin ní oró, ẹni tí wọ́n bá sì fi ìyà jẹ gidigidi, a ní wọ́n dá a lóró. Wilhelm Feldberg kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí oró ń ṣe nínú ara wà lára ohun tí ó fi ayé rẹ̀ wádìí.

Ìlú Hamburg ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1900, sínú ìdílé Júù. Ó gboyè dókítà ní Berlin ní ọdún 1925, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti bá Henry Dale ṣiṣẹ́. Ẹ má gbàgbé Dale. A ó tún pàdé rẹ̀.

Nígbà tí Feldberg padà sí Berlin, òun àti Bruno Minz ń wá acetylcholine, èròjà tí nẹ́ẹ̀fù fi ń jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ara. Èròjà yìí kéré jọjọ, kì í sì í pẹ́ nù nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lo iṣan eṣúṣú, tí ó máa ń sún kì bí acetylcholine díẹ̀ bá kàn án. Wọ́n sì lo eserine, kí acetylcholine má baà tètè nù. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí eserine ti wá? Láti ara ẹ̀wà esere ti Kàlàbá ni, èyí tí àwọn Ẹ́fíìkì máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá bì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ẹni tí kò bì í kú.

Ní ọdún 1933, Hitler gba ìjọba. Ọ̀gá Feldberg pè é, ó ní kí ó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé Júù ni. Ó lọ bá aṣojú àjọ Rockefeller ní Berlin. Ọkùnrin náà kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Àfi bí ó ṣe rántí pé Dale ti ránṣẹ́: bí wọ́n bá lé Feldberg, kí wọ́n sọ fún un pé òun ń fẹ́ ẹ. Bí òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe bọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ó ṣe lọ́dọ̀ Dale wà lára ohun tí ó jẹ́ kí Dale gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1936.

Ní yàrá ìwádìí Dale yìí kan náà, ní ọdún 1931, Ulf von Euler àti John Gaddum ti rí èròjà kan tí wọ́n pè ní substance P. Lónìí a mọ̀ pé bí ara bá fara pa, ẹnu nẹ́ẹ̀fù máa ń tu èròjà yìí jáde. Ó ń gbé ìròyìn ìrora wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì ń mú kí awọ ara tu histamine jáde, tí ojú ibẹ̀ fi ń pọ́n tí ó sì ń wú. Ata pàápàá ń mú kí nẹ́ẹ̀fù tu ú jáde.

Histamine gan-an ni Feldberg lé dé Melbourne, ní Ọsirélíà. Òun àti Charles Kellaway fi hàn pé oró ejò àti oró oyin ń tú histamine sílẹ̀ nínú ara. Ní ọdún 1938, wọ́n tún rí èròjà mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra ju ti histamine lọ. Ó ju ogójì ọdún lọ kí wọ́n tó mọ ohun tí ó jẹ́ gan-an: leukotriene, tí ó ń fún ọ̀nà èémí pa lára àwọn tó ní ikọ́ fée.

Lẹ́yìn ogun, Jámánì san owó gbà-má-bínú fún un. Lójú tèmi, ohun tí ó fi owó náà ṣe ju gbogbo ìwádìí rẹ̀ lọ: ní ọdún 1961 ó dá àjọ kan sílẹ̀, kí àwọn onímọ̀ Jámánì lè máa wá sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì máa lọ sí Jámánì.

Òpin iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Ní ọdún 1990, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko fi fídíò hàn pé oògùn ìpàrora kò ká àwọn ehoro rẹ̀ dáadáa, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún dáadáa nígbà náà. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1993.