Ìyá tó wà lẹ́yìn Mary Slessor

Gbogbo wa la mọ Mary Slessor. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé òun ló dá pípa ìbejì dúró ní Calabar. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gba máàkì, ó parí síbẹ̀. Àmọ́ mi ò rántí tíṣà kankan tó sọ fún wa pé obìnrin yìí ní ìyá. Ọ̀rọ̀ ìyá ọ̀hún ni mo gbé wá lónìí, torí mo ti ń gbọ́ tí àwọn òbí kan ń sọ pé ọmọ tó bá lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì lókè òkun ti pa àwọn tì. Àwọn ọmọ náà á ní Ọlọ́run ló pe àwọn, kò sóhun tí àwọn lè ṣe sí i. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí nílé àwọn Slessor.

Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1848 ni wọ́n bí Mary nítòsí ìlú Aberdeen, ní Scotland. Ọmọ méje ni wọ́n bí nílé yẹn, òun sì ni ìkejì. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀, Robert. Ahunṣọ ni ìyá rẹ̀, Mary lòun náà ń jẹ́. Ọtí ló ba ilé náà jẹ́. Bàbá ń mutí débi pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n bá kó lọ sí Dundee ní nǹkan bí ọdún 1859, bóyá nǹkan á ṣẹnuure. Nǹkan ò ṣẹnuure. Màmá wọṣẹ́ ní fákítírì ìhunṣọ, nígbà tí Mary sì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n mú òun náà lọ síbẹ̀. Ààbọ̀ ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, ààbọ̀ ọjọ́ ló fi ń lọ ilé ìwé. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti di òṣìṣẹ́ gidi tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ kùtù títí di ìrọ̀lẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ìyà yẹn, màmá kì í fi ìwé ìròyìn ìjọ wọn ṣeré, èyí tó ń ròyìn iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ìjọ wọn ti ní míṣọ́nnárì ní Calabar láti ọdún 1846, nítorí náà, orúkọ Calabar ò ṣàjèjì nílé wọn. Ọmọkùnrin ni màmá fẹ́ fi ránṣẹ́. Robert, àkọ́bí rẹ̀, ló ń wò fún iṣẹ́ náà, àmọ́ Robert kú. Ó tún fojú sọ́nà sí John. Àìsàn gbé ìyẹn lọ sí New Zealand, bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á bá a lára mu, kò sì pẹ́ tó débẹ̀ tó fi kú. Bàbá náà ti kú. Ó wá ku màmá, Mary, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, Susan àti Janie.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le nìyí. Mary gan-an ni òpó ilé náà. Owó fákítírì tó ń gbà wà lára ohun tó ń gbé oúnjẹ síwájú wọn. Lọ́dún 1874, ìròyìn ikú David Livingstone gba gbogbo Scotland kan, ọ̀rọ̀ Áfíríkà sì wọ Mary lára. Ó sọ fún màmá pé òun fẹ́ lọ sí Calabar. Ẹ má gbàgbé pé nígbà yẹn, ibojì òyìnbó ni wọ́n ń pe ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, torí ibà ń pa wọ́n bí ẹni ń pa eṣinṣin. Opó tó ti sin ọkọ àti ọmọ, ẹni tó ń bọ́ ọ ló tún ń tọrọ àyè láti lọ síbi tí wọ́n ti ń kú. Màmá ní kó máa lọ.

Mary ò kàn gbé báàgì kó jáde o. Ó kọ̀wé sí ìjọ lọ́dún 1875, wọ́n dá a lẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh, ó sì wọkọ̀ òkun ní Liverpool lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 1876. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Nígbà tó dé Calabar, lára owó oṣù rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn òyìnbó yòókù ń ra oúnjẹ inú agolo, òun ń jẹ iṣu àti ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ, kí owó lè ṣẹ́ kù fún màmá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yìn ín pé ó gbé ayé bíi ti àwọn ará ibẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ owó ìyá rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ibà gbé e padà sílé lọ́dún 1879, ó tún lọ lọ́dún 1880. Lọ́dún 1883 tó tún padà wá, ó gbé ọmọ jòjòló kan dání, ọ̀kan lára ìbejì tó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Janie ló sọ ọ́, orúkọ àbúrò rẹ̀. Bí màmá tó fẹ́ fi ọmọ ránṣẹ́ sí Calabar ṣe rí ọmọ Calabar gbé mọ́ra nìyẹn.

Láàárín ọdún mélòó kan yẹn, Susan náà kú. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń da Janie láàmú, òtútù Scotland ò sì bá a lára mu. Mary bẹ ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kóun mú un lọ sí Calabar níbi tí oòrùn wà, wọn ò gbà. Ló bá kó màmá àti Janie lọ sí gúúsù England, ní Topsham, níbi tí òtútù ò ti le tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó wá ku díẹ̀ kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bi màmá bóyá kóun lọ àbí kóun dúró. Màmá dá a lóhùn pé Ọlọ́run ló fóun lọ́mọ, òun sì ti dá ọmọ náà padà fún un, ibi tó bá rán an ni kó máa lọ. Màmá fúnra rẹ̀ ò gbádùn lásìkò yẹn. Mary ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ kan láti Dundee ló wá dúró tì wọ́n kó tó wọkọ̀.

Kò tún fojú kan màmá mọ́. Bí ọdún 1885 ṣe ń parí lọ sí 1886 ni ìyá náà kú, Janie sì tẹ̀ lé e lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Mary wà ní Calabar. Yorùbá ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Tá a bá fi òwe yìí wọ̀n ọ́n, ṣé ìyá Slessor bímọ àbí kò bímọ?

Ohun tí Mary ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń dáhùn. Ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò, àmọ́ ó ní kò tún sẹ́ni tó máa kó ọkàn sókè nítorí òun nílé mọ́, òun lè lọ sínú igbó lọ́hùn-ún wàyí. Lọ́dún 1888, ó lọ sí Okoyong, níbi tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ò ti lè dé. Ó gbé inú ilé alámọ̀, ó gbọ́ Efik bí ọmọ onílé, ó ń gba ìbejì sílẹ̀, ó sì ń tọ́ wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe igbákejì kọ́ńsọ̀ lọ́dún 1892, ó ń dá ẹjọ́ láàárín ìlú. Kì í ṣe òun nìkan ló ja ogun ìbejì yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn tó o. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní ọdún 1915 ló kú nílùú Use, wọ́n sì sin ín sí Calabar.

Èrò tèmi rèé. Ẹ̀yin òbí, ìyá yìí ò fi omijé de ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo Mary náà dáadáa. Ó ń fowó ránṣẹ́, ó wá ilé tó bá ara wọn mu, ó bi màmá léèrè kó tó lọ, ó rí i pé èèyàn kan dúró tì í. Tẹ́nì kan bá ní Ọlọ́run ń rán òun lọ sí òkè òkun, tí kò tíì ṣètò ẹni tó máa gbé màmá lọ sí ọsibítù lóru, kó lọ ṣe ìyẹn ná kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.