Obadiah Johnson: Dókítà tí kò sọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di tirẹ̀

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Bí olóhun bá wá ti kú ńkọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè? Ìgbésí ayé Dókítà Obadiah Johnson dáhùn ìbéèrè yìí.

Ọdún 1849 ni wọ́n bí i ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni bàbá rẹ̀, Henry Johnson, tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní 1858, ẹbí náà padà sí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn nínú iṣẹ́ ìjọ CMS. Obadiah kàwé ní Fourah Bay College, ó kọjá sí London, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní 1889. Ó ṣe dókítà ìjọba ní Èkó, ó sì jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin níbẹ̀ láti 1901 títí di 1913.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, ni olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́, òun sì wà lára àwọn tí wọ́n ṣe alárinà títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ogun Kírìjì ní 1886. Ó gba ìtàn Yorùbá lẹ́nu àwọn arọ́kìn àti àwọn àgbà, ó sì dárúkọ wọn nínú ìwé rẹ̀: David Kúkọ̀mì, Josiah Oni àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó, ó sọnù. Samuel kú ní 1901, kò fojú rí i.

Orí Obadiah ni ẹrù náà já lé. Ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà tó fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e, wọ́n sì wà á dé Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, ogun sì ti sọ bébà di ọ̀wọ́n gógó. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ni The History of the Yorubas jáde.

Ta ni ìwé náà pè ní òǹkọ̀wé? Samuel Johnson ni. Olóòtú ni Obadiah pe ara rẹ̀, ó sì ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú bí ìwé àkọ́kọ́ ṣe sọnù àti iṣẹ́ tí òun ṣe. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n pin sí àti ibi tí ti àbúrò ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bó bá ní òun ló ni ín, ta ni ì bá já a nírọ́?

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ láti fi gboyè. Kì í ṣe èèwọ̀ láti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíràn; èèwọ̀ ni kí a fi orúkọ ẹni tó ni ín pamọ́. Ẹni tó bá sì ń wá ipò aṣíwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń fi ohun olóhun fún olóhun. Obadiah ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́.