Joseph Whitworth, Ọ̀gá Bóòtù àti Ìbọn Onígun Mẹ́fà

Láìpẹ́ yìí ni bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa gbé ìbọn àtijọ́ kan wá bá mi, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, bíi ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í ti sọnù. Ó ní, ṣebí ẹnjiníà ni mí, kí n bá òun ṣe òmíràn.

Mo kọ́kọ́ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ẹnu ìbọn náà títí dé ìdí, mo sì fi gígùn rẹ̀ wé ti ìta, kí n lè mọ̀ dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gé ọ̀pá irin, mo gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì sí orí rẹ̀, mo sì so búrọ́ọ̀ṣì ìfọbọn mọ́ ọn. Nígbà tí mo fà á padà, ọ̀pá nìkan ló jáde! Tírẹ́ẹ̀dì onímìlímítà ni mo gbẹ́. Ti Whitworth ni búrọ́ọ̀ṣì ní. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi yọ ọ́. Ojú tì mí, nítorí pé Manchester ni mo ti gba másítà, iwájú ilé àwòrán tó ń jẹ́ Whitworth ni mo sì ń gbà kọjá lójoojúmọ́, láìbéèrè ẹni tó ni orúkọ náà.

Stockport ni wọ́n ti bí Joseph Whitworth ní December 21, 1803. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n fi í sí ilé iṣẹ́ òwú ìbátan rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló wù ú, kì í ṣe òwú. Ó sá lọ sí Manchester, ó dé London lọ́dọ̀ Henry Maudslay, ó sì padà wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Manchester lọ́dún 1833.

Láyé ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì bó ṣe wù ú. Bóòtù ibí kì í wọ nọ́ọ̀tì ọ̀hún. Ní 1841, Whitworth ní kí gbogbo wọn lo igun 55, kí iye tírẹ́ẹ̀dì nínú ínṣì kan sì bá ìwọ̀n bóòtù mu. Ní 1851 ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n kan hàn aráyé tó lè mọ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ínṣì.

Nígbà ogun Crimea, ìjọba pè é sí ọ̀rọ̀ ìbọn. Ó ní àfi kí òun kọ́kọ́ dán ìbọn wò. Wọ́n kọ́ ilé ìyìnbọn kan fún un, gígùn rẹ̀ jẹ́ 500 yáàdì. Ohun tó mú jáde ni ìbọn tí ihò rẹ̀ ní igun mẹ́fà, tó yí ká lẹ́ẹ̀kan láàárín 20 ínṣì. Ti Enfield, 78 ni. Níbi ìdánwò ọdún 1857, ó ná Enfield mọ́lẹ̀. Ní 1860, Ọbabìnrin Victoria fa okùn ìbọn Whitworth kan ní Wimbledon, ọta náà sì ba àmì ní 400 yáàdì.

Síbẹ̀ àwọn ológun kọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó rẹ̀ ju ti Enfield lọ fíìfíì. Èkejì ni èérí. Ihò rẹ̀ kéré, ẹ̀tù tó jóná a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí wọn kò bá fi ọ̀pá àti àkísà tútù nù ún léraléra, ọta kò ní wọlé mọ́. Ta ló ráyè ìyẹn lójú ogun? Àwọn afìbọnṣọdẹ-ènìyàn ti gúúsù Amẹ́ríkà nìkan ló gbé e lárugẹ nígbà ogun abẹ́lé wọn.

Kò bínú títí. Ní 1868 ó gbé owó kalẹ̀ fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ 30, £100 lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè kàwé, kí ọ̀mọ̀wé náà sì lè mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ó kú ní Monte Carlo ní January 22, 1887. Títí dòní, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó lọ yunifásítì ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pé oṣù mélòó kan tí èmi àti àkọ́bí mi ti ń fa ọ̀rọ̀: iṣẹ́ ọwọ́ ló fẹ́ lọ kọ́, èmi ní àfi yunifásítì. Lọ́jọ́ Sátidé, mo pè é sí gáréèjì, mo sì gbé ọ̀pá kejì lé e lọ́wọ́. Ó wọn tírẹ́ẹ̀dì búrọ́ọ̀ṣì náà kó tó fọwọ́ kan irin. Ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́. Mi ò tíì sọ fún un, ṣùgbọ́n mo ti gbà fún un.