Leonard Dawe: Olùkọ́ tí eré àdììtú ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di amí Hitler

Lọ́dún 1944, nígbà tí ogun Hitler gbóná janjan, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà abúlé Effingham lọ, ní agbègbè Surrey, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kan ni wọ́n sì forí lé tààrà. Ọkùnrin náà ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Kì í ṣe pé owó ilé-ìwé sọnù, kì í sì í ṣe pé ó na ọmọ ẹlòmíì ní ànàjù. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré tó jáde nínú ìwé ìròyìn ló gbé wọn wá. Bí kò bá rí àlàyé ṣe lórí wọn, ẹ̀sùn amí ni wọn ìbá fi kàn án, lásìkò ogun bẹ́ẹ̀, ikú sì ni èrè amí.

Leonard Sydney Dawe lorúkọ ọkùnrin náà. Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, ọdún 1889 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní Yunifásítì Cambridge, bẹ́ẹ̀ ló tún mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa. Ó gbá a fún Southampton láì gba kọ́bọ̀, awò ojú rẹ̀ ló sì fi máa ń wọ pápá. Lọ́dún 1912, wọ́n mú un mọ́ àwọn tó ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi ìdíje Olympic tó wáyé ní Stockholm. Ikọ̀ náà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, ṣùgbọ́n Dawe kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Strand School ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí kò jìnnà sí Brixton tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ bí ẹni mowó. Ìbẹ̀rù bọ́ǹbù Jámánì ló jẹ́ kí wọ́n kó ilé-ìwé náà lọ sí Effingham.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́, Dawe tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe láti ilé. Òun ló ń ṣe àdììtú ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń pè ní crossword fún ìwé ìròyìn Daily Telegraph, láti ìgbà tí ìwé ìròyìn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1925. Ẹni tó ti ka ìwé ìròyìn òyìnbó rí yóò ti rí i: àpótí kéékèèké funfun àti dúdú, tí èèyàn yóò máa fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dí àwọn tó funfun. Àwọn ọ̀rọ̀ kan lọ ní ìbú, àwọn mìíràn lọ ní òòró, wọ́n sì ń gba inú ara wọn kọjá. Arthur Wynne, ọmọ ìlú Liverpool tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe é sínú ìwé ìròyìn New York World lóṣù kejìlá ọdún 1913.

Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi eré náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Wọ́n sọ ọ́ di ohun tó jọ àlọ́ àpamọ̀ tiwa. Gbogbo ẹni tó bá jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà rí ló mọ̀ pé ọmọ burúkú tó torí bọ inú òkun tó ń hó kì í ṣe ọmọ èèyàn, orógùn inú ìkòkò ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbólóhùn atọ́nà tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ àpótí náà rí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn kọ́ ni ìdáhùn. Bí wọ́n bá kọ flower, gbogbo ayé á rò pé òdòdó ni. Ẹni tó gbọ́n á rántí pé flow ni kí omi máa ṣàn, á sì fi orúkọ odò kan dáhùn. Ìgbà mìíràn, lẹ́tà ni wọ́n á dà rú: lẹ́tà mẹ́fà tó wà nínú listen náà ló wà nínú silent. Èdè Yorùbá tó ní oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní í ṣàìmọ irú ọgbọ́n yìí.

Ọgbọ́n yìí ni Dawe ń dá fún bí ogún ọdún kí wàhálà tó dé. Àkọ́kọ́ wáyé lóṣù kẹjọ ọdún 1942. Ní ọjọ́ 17, ọ̀rọ̀ kan tó tọ́ka sí èbúté ilẹ̀ Faransé jáde nínú àdììtú rẹ̀, Dieppe sì ni ìdáhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ ogun gbógun lọ sí Dieppe lóòótọ́. Nǹkan bí 5,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ Kánádà, ó sì lé ní 900 ọmọ Kánádà tó kú. Ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbà pé kòńgẹ́ lásán ni.

Àfi bó ṣe di ọdún 1944. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń bá Japan fà á ní Bóma, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà ń múra láti sọdá òkun wọ Normandy nílẹ̀ Faransé. Àṣírí ńlá ni. Orúkọ bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n fún gbogbo nǹkan. Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, àdììtú Dawe béèrè ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Utah ni ìdáhùn. Etíkun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fẹ́ gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Ọjọ́ 22, ó béèrè ẹ̀yà onílẹ̀ kan tó ń gbé létí odò Missouri: Omaha, etíkun kejì tí wọ́n yàn fún àwọn Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 27, ó béèrè ọ̀rọ̀ tó bá ẹni ńlá mu: Overlord, orúkọ gbogbo ìgbógunlọ náà lápapọ̀. Ọjọ́ 30, igi tí àwọn ọmọdé ń yí ká nínú orin wọn: Mulberry, èbúté àtọwọ́dá tí wọ́n fẹ́ wọ́ sọdá òkun. Èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Ó ní ẹni náà àti Britannia, obìnrin tó wà lára owó ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì, jọ ń di ohun kan náà mú ni. Ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ni Britannia mú lọ́wọ́, òun náà sì ni Neptune, òrìṣà òkun àwọn ará Róòmù, máa ń mú. Neptune sì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi nínú ogun náà.

Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní í fura? Wọ́n da ìbéèrè bo Dawe. Wọ́n tún lọ bá ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe àdììtú náà ní Bury St Edmunds, wọ́n ṣe òun náà bákan náà. Dawe kò rí nǹkan kan sọ ju pé òun kò mọ ohunkóhun. Níkẹyìn, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìjì sún ọjọ́ ogun láti ọjọ́ karùn-ún sí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ó sì lé ní 150,000 ọmọ ogun tó wọ Normandy lọ́jọ́ náà. Lọ́dún 1958, Dawe sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, ó ní àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà tú òun wò yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ kí wọ́n tó pinnu pé wọn kò ní í yìnbọn pa òun. Ó kú ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1963, gbogbo èèyàn sì gbà pé kòńgẹ́ náà ni.

Àfi lọ́dún 1984 tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ jáde sọ̀rọ̀. Ó ní Dawe máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ọ́fíìsì rẹ̀ pé kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tó bá wù wọ́n dí àpótí òfìfo. Bí wọ́n bá lọ tán ni òun yóò wá jókòó ronú gbólóhùn atọ́nà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé náà ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Kánádà pàgọ́ sí, àwọn ọmọ sì máa ń sá lọ bá wọn. Ọmọ ọdún 14 ni ọ̀gbẹ́ni yìí nígbà náà. Ẹnu àwọn ṣọ́jà ló ti ń gbọ́ àwọn orúkọ bòńkẹ́lẹ́ náà, kò mọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí, ó kàn ń kọ wọ́n sínú ìwé àjákọ rẹ̀ ni, ó sì ń fi wọ́n dí àpótí ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé kò dájú pé ṣọ́jà kékeré yóò mọ gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí àlàyé mìíràn tó ju èyí lọ, nítorí Dawe fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbólóhùn atọ́nà, kì í ṣe òun ló ń yan gbogbo ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní kété lẹ́yìn ìgúnlẹ̀ Normandy ni Dawe ránṣẹ́ pe òun, ó bi òun léèrè ibi tí òun ti rí àwọn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó rí ìwé àjákọ náà, ẹ̀rù bà á gidi. Ó ní kí ọmọ náà lọ dáná sun ún lójú ẹsẹ̀, ó gbé Bíbélì fún un pé kó búra pé kò ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà búra, ó sì di ogójì ọdún kó tó la ẹnu rẹ̀.