Arne Tiselius: Ẹni tó fi iná mànàmáná tú àṣírí ẹ̀jẹ̀

Bí àfẹ́sọ́nà méjì bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, láti mọ̀ bóyá AA ni wọ́n tàbí AS, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin ará Sweden kan ni wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Arne Tiselius ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Stockholm ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1902. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1906, ìyá rẹ̀ sì kó lọ sí ìlú Gothenburg. Nígbà tó dé yunifásítì Uppsala, ó di olùrànlọ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n The Svedberg ní ọdún 1925.

Iṣẹ́ tó dojú kọ ni bí wọn yóò ṣe fi iná mànàmáná ya àwọn pròtéènì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iná bá ń fà wọ́n, eré wọn kì í dọ́gba, bíi ti àwọn ọmọ iléèwé tó ń sáré ìje. Kò ní pẹ́ tí èyí tó yára yóò fi já èyí tó ń wọ́ sílẹ̀.

Tiselius gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí àbájáde rẹ̀ kò hàn kedere. Ó pa á tì, ó gbájú mọ́ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn tó lọ sí Princeton ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1934 sí 1935 ló tó padà sídìí rẹ̀.

Ooru iná ló ń da omi inú ẹ̀rọ rú, nítorí náà ó ṣe ẹ̀rọ tuntun tí omi tútù nini yí ká. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan kọ̀ láti tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà, kí òmíràn tó gbà á ní ọdún 1937. Nígbà tó da omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin sínú ẹ̀rọ náà, ó rí albumin, ó sì rí globulin oríṣi mẹ́ta tó pè ní álífà, bẹ́tà àti gámà.

Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Bí albumin bá lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ló ń ṣàìsàn. Bí ìlà kan ṣoṣo bá ga fíofío ní apá gámà, wọn yóò fura sí jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun.

Ní ọdún 1948, Tiselius gba ẹ̀bùn Nobel. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lo irú ẹ̀rọ rẹ̀ láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún àyẹ̀wò jẹnotáìpù.

Tiselius kú ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 1971, lẹ́ni ọdún 69. Ẹ̀rọ ńlá tó ṣe ti di ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fi àyẹ̀wò náà falẹ̀. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS.